Ọrùn Gìtá Tí A Lọ Yàn ní Sa Đéc

Èmi fúnra mi ni mo ṣẹ́ ọrùn gìtá náà. Kò sẹ́ni tó tì mí, kò sì já lulẹ̀. Ọrùn ọ̀hún ti ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta, okùn rẹ̀ sì ti ga kúrò lára igi débi pé bí mo bá ta á fún wákàtí kan, ìka á máa ro mí di ọjọ́ kejì. Ní àárọ̀ Sátidé kan lẹ́yìn Tết, ọdún tuntun ilẹ̀ wa tí gbogbo ilé máa ń ra òdòdó sí, mo gbé e sórí tábìlì tí mo ti ń yí wáyà mọ́tò fáànù, mo fi irin méjì há a mọ́lẹ̀, mo ní n ó rọra tọ́ ọ. Mo yí irin náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbà. Mo yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó tún gbà. Nígbà tí mo yí i lẹ́ẹ̀kẹta, ó dún pàá bí igi ìdáná, ọrùn sì dá síbi tó ti wọ ara gìtá.

"Kí ló kú níbẹ̀ yẹn?" Ìyàwó mi ló ké láti ilé ìdáná.

Ó yọjú pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi ń ha ẹja, ó wo tábìlì, ó wá wò mí.

"Bàbá Quyên, mo sọ fún yín. Mo ní gìtá kì í ṣe rímù kẹ̀kẹ́."

"O sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó ti wá tọ́ báyìí?"

"Ó tọ́ ju bó ṣe yẹ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí ẹja rẹ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ wúwo, ó sì há díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àga lórí pákó. Bí ohùn rẹ̀ ṣe rí nìyẹn láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Ọdún 1982 ni mo ṣe gìtá náà. Nígbà yẹn, bí o tiẹ̀ lówó lọ́wọ́, kò sí ohun tí o máa rà ní Lai Vung, ìlú wa. Ilẹ̀kùn àtijọ́ ilé bàbá mi ni mo fi ṣe ara rẹ̀, igi eléso kan tí a ń pè ní mít, tó pọ́n bí ata ilẹ̀ pupa. Mo yọ òòfà láti inú sípíkà tó ti bàjẹ́, mo sì fi wáyà tó tínínrín bí irun yí i ká ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, mọ́tò ni mo ń yí lójoojúmọ́. Àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi kan tó ṣẹ́ ni mo gbẹ́ fi ṣe ọrùn. Ọrùn gìtá tí àwa fi ń kọ orin ilẹ̀ wa kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú rẹ̀, a sì máa ń gbẹ́ àárín irin kan sí irin kejì kó jin bí ojú ṣíbí, kí ìka lè tẹ okùn rì sínú ibẹ̀, kí ìró lè máa gòkè, kó máa gbọ̀n, kó máa sunkún bí èèyàn. Ọ̀bẹ kékeré ni mo fi gbẹ́ gbogbo rẹ̀, ó gbà mí ní odidi oṣù kan.

Thoa ni mo ṣe é fún. Orúkọ ìyàwó mi nìyẹn, kó tó di Ìyá Quyên. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà náà, àwọn èèyàn sì ń wọ ọkọ̀ láti abúlé mẹ́ta sí mẹ́rin wá gbọ́ ọ. Orin kan wà tí gbogbo wa mọ̀, tí olórin kọ̀ọ̀kan ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kọ. Kí ìlà àkọ́kọ́ tó balẹ̀, olórin á na ohùn sókè, á máa fà á lọ, gìtá á máa rọra tẹ̀ lé e, gbogbo ilé á sì dákẹ́ títí yóò fi jẹ́ kó bọ́ sórí ìró tí orin ti gbéra. Ibi tó bá ti balẹ̀ yẹn ni wọ́n ti ń pariwo, tí àwọn àgbàlagbà ń fọwọ́ lu tábìlì. Thoa a máa fa tirẹ̀ pẹ́ débi pé ojora á mú mi. Ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó mọ́ bí omi òjò inú ìkòkò, ó sì máa ń ga síbi tí n kò rò pé ó lè dé. Àwọn kan ní gìtá mi ni àwọn wá gbọ́. Irọ́ ni wọ́n ń pa, wọ́n kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi ni.

Nígbà tó yá, gẹ̀gẹ̀ yọ sí i lọ́rùn. Ó ń tóbi sí i, títí tí kò fi lè sùn gbalaja mọ́. Dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé ibi tí ohùn ti ń jáde sún mọ́ ibẹ̀ gan-an, pé ohùn lè yí padà. Ó ní ká lọ rò ó. Kí la fẹ́ rò? A fọwọ́ sí ìwé. Thoa padà wálé láàyè, ó ń mí dáadáa, ó ń jẹun, mo sì dúpẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó jókòó tì mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí n gbé gìtá. Nígbà tó dé ibi tó ti yẹ kó gòkè, ohùn rẹ̀ fọ́ yángá. Ó pa ẹnu dé, ó dìde, ó lọ bomi rin ẹ̀fọ́. Kò kọrin níwájú mi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Èmi kò yé ta gìtá ní tèmi. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, mo máa ń tún okùn rẹ̀ ṣe síbi tí ohùn Thoa wà tẹ́lẹ̀. Mo máa ń ta ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, bí mo bá sì dé ibi tó ti yẹ kí ó wọlé, mo máa ń dúró díẹ̀, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè mí sínú kó mí síta, kí n tó máa bá a lọ. Òun á wà lẹ́bàá odò kékeré ẹ̀yìn ilé, á máa fọ ìrẹsì. Mo rò pé kò fiyè sí i.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo fẹ́ lọ sí Sa Đéc lọ wá ọrùn mìíràn. Mo ti gbé alùpùpù síta nígbà tí mo rí i tó wọ aṣọ olódòdó rẹ̀, tó sì dé fìlà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Sa Đéc."

"Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ ra òdòdó."

"Ta ló ń ra òdòdó lẹ́yìn Tết?"

"Ó dáa, mo fẹ́ wá gbé gìtá dání. Àbí ẹ fẹ́ kó já sódò, kẹ́ ẹ tún fi irin há a?"

Mo ní kó gòkè.

Ẹ̀bá odò ni ṣọ́ọ̀bù Bàbá Mười Khương, tó ń tún gìtá ṣe, wà. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, kò sì sí ẹni tó ń ta gìtá ní agbègbè wa tí kò tíì ṣe iṣẹ́ fún. Àwọn ọrùn gìtá so rọ̀ lókè àjà rẹ̀ bí ẹja gbígbẹ. Ó gba gìtá mi, ó yí i padà, ó fi àtàǹpàkò ra ibi tó ti dá.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ó ṣèèṣì ni, Bàbá."

"Irin ló fi há a," ni ìyàwó mi wí.

"Ó fi irin há kí ni?" Bàbá Mười rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e, ó wá kọjú sí mi. "Sáu, ṣé mọ́tò lo pe èyí ni?"

Ó gbé àga oníke fún ìyàwó mi, ó ní kí aládùúgbò gbé kọfí oníwàrà àti yìnyín wá fún un, ó wá na okùn sára gìtá láti mọ bí ọrùn ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó. Ọ̀kan tó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ tuntun láti ilé iṣẹ́ kan ní Sài Gòn, ó ń dán bí bàtà ọkọ ìyàwó. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bàbá ní òun lè gbẹ́ ihò sáàárín àwọn irin rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi ìka kàn án, ó dún bí páálí. Mo ní kó gbé e padà.

Èkejì jẹ́ igi dúdú líle. Olóògbé kan tó ń bá ẹgbẹ́ eléré tó ń fi ọkọ̀ ojú omi káàkiri ṣiṣẹ́ ló ni ín, ihò rẹ̀ jin, etí wọn sì ti yọ̀ nítorí ìka ọkùnrin náà. Gígùn rẹ̀ bá ti tèmi àtijọ́ mu gẹ́lẹ́. Bàbá Mười dè é mọ́ ara gìtá, ó fi okùn mẹ́ta sí i, ó sì so ó mọ́ sípíkà kékeré kan. Mo tún okùn ṣe síbi tí mo máa ń tún un ṣe sí. Mo tẹ ọ̀kan rì, mo gbé e sókè díẹ̀díẹ̀.

Ìró ọdún 1982 ló jáde, ìró tí n kò tíì gbọ́ láti ìgbà tí ọrùn àtijọ́ ti ń tẹ̀. Mo ta ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, bó ṣe ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo dúró níbi tí mo máa ń dúró sí. Ohun tí mo gbọ́ ni ọkọ̀ ojú omi kan tó ń kọjá lẹ́yìn ilé.

"Èyí ni," mo wí.

"Fara balẹ̀ ná," ni Bàbá Mười wí. "Ta lò ń ta gìtá fún?"

"Ìyàwó mi ni."

Ó yíjú sí i. "Àbúrò mi, níbo ni ohùn rẹ ń jókòó sí báyìí?"

"Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni," mo dáhùn.

"Ìwọ kọ́ ni mo bi."

Ìyá Quyên gbé kọfí rẹ̀ sílẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án, n kò rántí pé ẹnikẹ́ni bi í ní ìbéèrè yẹn rí, èmi gan-an kò bi í. Ó di ojú, ó sì fi imú kọ ìró kan ṣoṣo. Ó wà nísàlẹ̀ gan-an, ó dúdú, ó há létí, ṣùgbọ́n kò mì. Bàbá Mười bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn gìtá láti wá a lọ. Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, okùn ti rọ jọwọrọ, ó ń lu irin, ó ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò.

"O gbọ́ ọ? Ọrùn yìí kúrú jù fún ohùn yẹn. Tí okùn bá máa sọ̀ kalẹ̀ tó yẹn kó sì le, àfi kí ọrùn gùn."

Ó wá sọ ẹ̀kẹta kalẹ̀. Kò lẹ́wà. Àwọ̀ igi rẹ̀ kò dọ́gba, wọ́n lẹ igi mìíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ó sì fi bí ìbú ìka mẹ́ta gùn ju tèmi lọ. Ó ní òun gbẹ́ ẹ fún ọmọkùnrin kan ní Cao Lãnh tó ń ta gìtá fún ọkùnrin olóhùn ńlá, ṣùgbọ́n ọmọ náà rí iṣẹ́ ilé iṣẹ́ bàtà, kò padà wá. Ó dè é mọ́ gìtá, ó dẹ okùn dé ibi tí ìyàwó mi sọ. Ìró náà dúró ṣinṣin, ó kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ojú Ìyá Quyên là. Mo rí i, inú sì bí mi, n kò mọ ìdí.

"Ọwọ́ mi ò mọ̀nà lórí èyí," mo wí. "Gbogbo ibi tí ìka mi mọ̀ ló ti sún kúrò."

"Á mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ó tún ní kí n sún ibi tí okùn ń sinmi lé sẹ́yìn. Ẹ ó ní kí n lu ihò sára gìtá tí mo fọwọ́ ara mi ṣe."

"Ihò méjì péré ni, Sáu."

"Ihò ni ihò ń jẹ́, Bàbá."

"Ẹ ra èyí tó bá wù yín, Bàbá Quyên," ni ìyàwó mi wí jẹ́ẹ́. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan yìí. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ ti ń tún gìtá yẹn ṣe de obìnrin mìíràn níṣojú mi."

Bàbá Mười gbé orí sókè. "Obìnrin wo nìyẹn?"

"Èmi ni," ó wí. "Èmi àtijọ́."

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Èèyàn mìíràn ì bá ti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí níwájú Bàbá Mười, ìró igi dúdú yẹn sì ṣì wà létí mi. Mo ní kí wọ́n bá mi dì í, èyí tó kúrú. Mo sanwó, a sì jáde.

Oòrùn ti dé àárín orí nígbà tí a mú ọ̀nà ilé pọ̀n. Ó gbé gìtá kọ́ ẹ̀yìn, mo fi ọrùn tuntun há iwájú lẹ́sẹ̀ mi, ó sì di ìbàdí mi mú. A kọjá oko ọsàn, a kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran kíkan tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì. Nígbà tó ṣe, ẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ́ńjìnnì ni. Nígbà tí a dé ẹsẹ̀ afárá, mo dín eré kù, ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, gbígbọ̀n náà kò sì dúró. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ìyá Quyên fi àyà tì mí lẹ́yìn, ó sì ń kọrin, ó rò pé ariwo alùpùpù á bo òun. Ìlà àkọ́kọ́ ni. Etí mi kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ, egungun ìhà mi ló gbọ́ ọ. Nígbà tó yẹ kó gòkè, kò gòkè. Ó gba ìsàlẹ̀ lọ, ó rìn jìnnà níbẹ̀, ó sì balẹ̀ síbi tó yẹ láìyẹsẹ̀.

Mo gun afárá náà kọjá. Mo dúró lódìkejì.

"Epo ló tán ni?" ó béèrè.

"Rárá."

Mo yí alùpùpù padà.

A bá ṣọ́ọ̀bù ní títì. Bàbá Mười ń sùn nínú ibùsùn okùn tó so sí ẹ̀yìn ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló yọ síta. A kò fẹ́ jí i. A jókòó sórí pákó lábẹ́ ìbòòji páànù, gìtá wà láàárín wa.

"Láti ìgbà wo?" mo bi í.

Kò díbọ́n bí ẹni tí kò mọ ohun tí mo ń bi. "Ó tó ọdún mẹ́ta. Nínú oko ọsàn Ẹ̀gbọ́n Năm, bí mo bá lọ bá wọn ká ọsàn, tí mo sì wà lórí àkàsọ̀ lémi nìkan. Àwọn igi ò mọ bí mo ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ó ń fi èékánná ha pákó. "Ojú yín ni. Lọ́jọ́ tí ohùn mi fọ́ yẹn, mo wo ojú yín. Ẹ dà bí ẹni tí wọ́n wá túfọ̀ fún. Mo ní n ò fẹ́ rí ojú yẹn mọ́ láyé mi."

"Mi ò mọ̀ pé ojú mi rí bẹ́ẹ̀."

"Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ṣé ẹ̀yin lẹ ń wò ó ni?"

Obìnrin kan kọjá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tó kó ìkòkò òdòdó òfìfo.

"Àárò ohùn yẹn ń sọ mí, Thoa," mo wí. Ó ti pẹ́ tí mo ti pe orúkọ rẹ̀ gan-an.

"Ó ń sọ èmi náà." Ohùn rẹ̀ le díẹ̀. "Tèmi mà ni. Ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń la ẹnu lórí àkàsọ̀ yẹn, tí mo máa ń rò pé ó máa jáde, pé ó kàn lọ síbì kan ni."

Mo gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀, kò sì yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó títí tí Bàbá Mười fi jáde wá, tó ń nu ojú.

"Ẹ̀yin méjèèjì! Ṣé iwájú ilé mi lẹ ti fẹ́ máa gbé ni?"

"A wá pààrọ̀ ọrùn, Bàbá," mo wí.

"Èwo lẹ fẹ́?" Ó kàn ń yọ mí lẹ́nu ni, nítorí ó ti nawọ́ sórí tábìlì, níbi tí èyí tó gùn ṣì wà. "Mo ní n ó gbé e kọ́ padà, oorun ló gbé mi lọ."

Nígbà tí mo fẹ́ lu ihò sára igi mít náà lọ́jọ́ kejì, mo wọn ibẹ̀ léraléra débi pé Ìyá Quyên ní kí n jẹun ná. Mo jẹun, mo padà, mo lù ú. Bàbá Mười ní ọwọ́ mi á mọ̀nà, ṣùgbọ́n kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Fún bí oṣù kan ààbọ̀, ìka mi ń bọ́ síbi tí kò sí nǹkan, mo dà bí ẹni tó ń wá àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn ilé tí kì í ṣe tirẹ̀. Èpè tí mo ṣẹ́ fún ọmọ Cao Lãnh yẹn kò kéré, ọmọ tí kò ṣẹ̀ mí rí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni Ìyá Quyên wá jókòó tì mí. Mo tún okùn ṣe síbi tó fẹ́. Mo ta ìbẹ̀rẹ̀, mo dé ibi ìdúró yẹn, ó sì wọlé. Ọwọ́ mi kò gbọ́ràn. Nígbà tó yẹ kó gòkè, ìka mi gòkè láìbi mí léèrè, ó lọ síbẹ̀ lọ dúró dè é, òun sì ti gba ìsàlẹ̀ lọ. A pàdánù ara wa.

Ó wo ojú mi, ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀. N kò mọ ohun tó rí. Mo gbìyànjú kí ojú mi má ṣe nǹkan kan.

"Ẹ tún un ta," ó wí.

Ìgbà kẹta ni mo tó bá a lọ. Ó rìn lọ sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú odò láti ibi tí a ti ń wọ ọkọ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ìkejì, gìtá sì ń tẹ̀ lé e. Nígbà tó balẹ̀, Út Mén, aládùúgbò wa lódìkejì odò kékeré, ké sí wa:

"Ẹ̀gbọ́n Sáu! Ọkùnrin wo ló ń kọrin nílé yín yẹn?"

"Ọkọ ìyá ẹ ni!" ni ìyàwó mi dáhùn, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí ajá fi ń gbó.

Ó ti di ọdún méjì báyìí. Ó máa ń kọrin níbi ìrántí òkú àti ìgbéyàwó àwọn tó mọ̀ wá. Àwọn àgbàlagbà kì í lu tábìlì bíi ti tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn máa ń dákẹ́ pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́. Ó ní òun fẹ́ràn bẹ́ẹ̀.

N kò ní purọ́ pé mo ti gbàgbé. Ta ló ní ẹ̀rọ tí à bá fi gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà náà? Kò sí níbì kankan mọ́. Quyên ọmọ wa bi mí lẹ́yìn Tết tó kọjá pé báwo ni ohùn ìyá òun ṣe rí gan-an nígbà ọ̀dọ́. Mo gbìyànjú láti fi gìtá sọ ọ́ fún un, ọrùn gígùn yìí kò lè sọ ọ́. Mo fi ẹnu sọ ọ́, mo ní ó tẹ́ẹ́rẹ́, mo ní ó mọ́. Ọmọ náà mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìtàn ìlú tí kò dé rí. Ìyá rẹ̀ wọlé láti ọjà, ó kó ẹ̀fọ́ sílẹ̀, ó ní kí n gbé gìtá kí ọbẹ̀ tó jiná, pé ìlà kejì ṣì ń yọ òun lẹ́nu.